Àwọn Ìbejì Mi Ò Kàwé, Fóònù Ni Wọ́n Ń Tẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Àwọn ìbejì mi ti pé ọdún 12, mo ti ra ìwé fún wọn títí ó fi sú mi, wọn ò ṣí i, fóònù ṣáá ni. Ẹnì kan ní kí n máa mú wọn lọ sí láíbúrárì, ṣé ó ṣì wà l'Ékòó yìí ni? (Ìyá Ìbejì, Sùúrùlérè)

ÌDÁHÙN: Ó wà o, Ìyá Ìbejì! Yábàá ò ṣáà jìnnà sí yín, láíbúrárì Herbert Macaulay wà níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dá lọ, ẹ bi wọ́n nípa aago tí wọ́n ń ṣí àti bóyá wọ́n ń yá ọmọdé níwèé lọ sílé, torí kì í ṣe gbogbo láíbúrárì ló ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ẹ má bá wọn ṣa ìwé o! Ibi tọ́pọ̀ wa ti ń ṣì í ṣe nìyẹn, èyí tó wu àwa la máa ń rà, ọmọ á wá máa wò ó bí ẹni wo ewúro. Tó bá mú ìwé aláwòrán, ìwé náà ni jàre. Èyí tí ò bá dùn kó jù ú sílẹ̀ kó mú òmíì. Táíwò lè fẹ́ ti bọ́ọ̀lù, kí Kẹ́hìndé fẹ́ ti iwin. Tó bá ṣe ti iwin ni, Fágúnwà ti kọ ọ́ fún wa láti 1938, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kà á sókè fún wọn nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, torí Yorùbá ibẹ̀ jinlẹ̀ díẹ̀. Mi ò tiẹ̀ ní kẹ́ ẹ gba fóònù o, ẹ ṣáà gbé tiyín náà sílẹ̀ lásìkò yẹn.