Ọmọ mi ń kàwé mọ́jú, síbẹ̀ kì í rántí: ṣé ọpọlọ rẹ̀ ni kò gbé ìwé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkòròdú ni mo ń gbé, ọjà Sábó ni mo ti ń ta aṣọ. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 17, fẹ́ ṣe WAEC. Gbogbo òru ló fi ń kàwé. Á ti ẹsẹ̀ bọ omi tútù, á mu kọfí, kí oorun má baà gbé e lọ. Ó lè ka orí kan nínú ìwé báyọ́lọ́jì lẹ́ẹ̀mẹrin. Ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, kò ní rántí nǹkan kan mọ́. Ṣé ọpọlọ rẹ̀ ni kò gbé ìwé? Wọ́n ní kí n bá a wá oògùn ìsọ̀yè. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ọjà, ẹ kú wàhálà ọmọ. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, kò sí èyí tó fi hàn pé ọpọlọ rẹ̀ kò gbé ìwé. Ọmọ yín ń ṣiṣẹ́ gan-an ni. Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é ni kò jẹ́ kó jèrè rẹ̀, ọ̀nà náà sì ṣe é tún ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú oorun ṣáájú. Nígbà tí a bá kọ́ ohun tuntun, ibì kan nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní hippocampus ló kọ́kọ́ ń gbà á mú, àmọ́ kò tíì rinlẹ̀. Tí a bá sùn, pàápàá nínú oorun ìjìkà, ọpọlọ á tún padà sórí ohun tó kọ́ lọ́sàn-án, á sì máa fi í múlẹ̀ síbi tó ti máa pẹ́. Àwọn onímọ̀ méjì ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, Jenkins àti Dallenbach, ti rí i láti 1924: ohun tí èèyàn kọ́ tó sì sùn lé lórí kì í tètè fò lọ bí èyí tó kọ́ tó sì wà lójúfò. Nítorí náà, òru tí ọmọ yín kò sùn, apá pàtàkì kan nínú iṣẹ́ ìwé kíkà ló fi sílẹ̀ láìṣe.

Omi tútù yẹn kàn ń mú kó lajú ni. Kọfí náà ńkọ́? Bí a bá ṣe ń pẹ́ lójúfò tó ni èròjà kan tó ń jẹ́ adenosine ṣe ń pọ̀ sí i nínú ọpọlọ, òun ló sì ń mú oorun kunni. Káféènì inú kọfí kàn ń dí ibi tó yẹ kí èròjà náà bà lé ni, kò palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Obì tí àwọn bàbá wa máa ń jẹ tí wọ́n bá fẹ́ ṣọ́ òru, káféènì yìí kan náà ló wà nínú rẹ̀. Ìdajì rẹ̀ ṣì lè wà lára lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, nítorí náà kò dáa kó mu ún láti ìrọ̀lẹ́.

Ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10. Mo mọ̀ pé ooru, ẹ̀fọn àti ariwo jẹnẹrétọ̀ kì í jẹ́ kó rọrùn. Àmọ́ tó bá ń bá yín dúró ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ tètè dá a sílẹ̀ tó bá ṣeé ṣe, kó lè kàwé nígbà tí ojú ṣì dá, kó sì sùn kí aago mẹ́wàá tó kọjá. Kí fóònù má bá a wọ ẹní.

Ibi tó jẹ mí lọ́kàn jù nínú lẹ́tà yín nìyí: lẹ́ẹ̀mẹrin tó ń ka orí kan náà. Tó bá kà á lẹ́ẹ̀kejì, ojú rẹ̀ ti mọ ojú ìwé yẹn, á wá rò pé òun ti mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ní oníbàárà tí ẹ máa ń rí ní Sábó, tí ẹ mọ ojú rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí ẹ dárúkọ rẹ̀, orúkọ náà ò ní wá. Ìdánwò kì í béèrè ojú, orúkọ ló ń béèrè. Ní 2006, àwọn onímọ̀ méjì míì, Roediger àti Karpicke, ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tún àkọsílẹ̀ kan kà, kí àwọn mìíràn pa á dé kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló mọ̀ ọ́n jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé ló borí. Ẹ ò rí i pé ohun tó ń ṣe ọmọ yín gan-an nìyẹn?

Nílé kéwú tiwa níbí, alfa kì í jẹ́ kí ọmọ lọ síwájú títí tó fi máa ké ti àná láìwo wàláà. Ọ̀nà tó dáa ni. Kí òun náà ka orí kan lẹ́ẹ̀kan, kó pa ìwé dé, kó kọ ohun tó rántí sórí tákàdá, kó wá ṣí i wo ohun tó gbàgbé. Kó tún padà sí i lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Hermann Ebbinghaus ará Jámánì, tó fi ara rẹ̀ dán ọ̀rọ̀ yìí wò, kọ ọ́ sínú ìwé ní 1885 pé wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ni ìgbàgbé máa ń yára jù. Títètè padà sí ẹ̀kọ́ náà ló ń dín ìgbàgbé kù.

Ní ti ìsọ̀yè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó sí i, ẹ má sì jẹ́ kó gba oògùn kankan tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Kò sí oògùn tó lè gbapò oorun. Ṣùgbọ́n tó bá ń sùn dáadáa tó ṣì ń tòògbé ní kíláàsì, tàbí tó ń han-run bí ẹni tí èémí fẹ́ há, ẹ mú un lọ sí ọsibítù kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó ṣeé ṣe kó má gbà yín gbọ́, torí ẹni tó ń sùn máa ń dà bí ọ̀lẹ lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ ní kó fi báyọ́lọ́jì nìkan dán an wò fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó fi ìyókù sí bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Lálaalẹ́, tí ẹ bá ti ọjà dé, ẹ ní kó ṣàlàyé èyí tó kà fún yín ní Yorùbá, láìwo ìwé. Ibi tó bá ti kólòlò, ibẹ̀ ni kó tún kà.