Ṣé apòògùn lè fi ìwé àṣẹ rẹ̀ háyà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kún o. Ọmọ mi obìnrin parí ẹ̀kọ́ apòògùn, ó sì ti sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n owó oṣù tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ ní Kàbà kò tẹ́ wa lọ́rùn. Oníṣòwò kan ní Ìsánlú fẹ́ fi ìwé àṣẹ rẹ̀ ṣí fámásì. Yóò máa sanwó fún un lóṣooṣù, kò sì ní í ní kó wá síbi iṣẹ́. Ṣé èyí kò dára ju iṣẹ́ ìjọba lọ?

Ìdáhùn: Ọ̀kún o. Irú ìbéèrè yìí ti sú mi í dáhùn, n ó sì sọ ọ́ láìfi bò. Ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìwé àṣẹ jẹ́ ilé tí a lè fi háyà, kí onílé sì máa jókòó gbowó. Bẹ́ẹ̀ kọ́. PCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ apòògùn ní Nàìjíríà, kì í forúkọ fámásì sílẹ̀ láìsí apòògùn alábòójútó. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé yẹn ló yẹ kó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ta oògùn, òun náà sì ni wọn yóò pè bí wọ́n bá rí ayédèrú oògùn tàbí tramadol tí kò ní àkọsílẹ̀ lórí àtẹ, kódà bí oníṣòwò náà bá jẹ́wọ́ pé òun ni òun rà á.

Ẹ tún bi ara yín pé kí ni oníṣòwò náà fẹ́ fi ìwé náà ṣe. Bí ó bá jẹ́ parasítámọ́ọ̀lù àti irú rẹ̀ nìkan ni yóò tà, ìwé àṣẹ kẹ́míìsì ìbá tó o, kò sì nílò apòògùn fún ìyẹn. Orúkọ ọmọ yín ló ń wá nítorí oògùn tí òfin kò gbà kí kẹ́míìsì tà.

Ní ti owó tí ẹ ń ráhùn lé lórí, oníṣòwò tó lè fi owó pọ́ọ́kú gba orúkọ kò ní gba apòògùn síṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́ ní owó tó péye. Ìyẹn wà lára ohun tó ń fa owó oṣù apòògùn wálẹ̀ lágbègbè wa, àwọn tó sì ń háyà ìwé ló ń fọwọ́ ara wọn ṣe é.

Lábẹ́ ìjọba, ìlànà owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí à ń pè ní CONHESS ni wọ́n fi ń sanwó apòògùn, ó sì yàtọ̀ sí CONMESS ti àwọn dókítà. Kí ọmọ yín béèrè iye tó ń wọ àpò gan-an lọ́wọ́ àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́, kí ó sì kọ̀wé sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Lọ́kọ́ja àti sí ilé ìwòsàn ìjọ ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀ pẹ̀lú.

Bí oníṣòwò náà bá fẹ́ apòògùn lóòótọ́, kí ó fún un ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ tó sọ iye owó oṣù, tó sì fi àṣẹ lórí oògùn tó ń wọlé sí i lọ́wọ́. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò, nítorí náà kí agbẹjọ́rò kà á kí ọmọ yín tó fọwọ́ sí i. Bí ọmọ yín bá sì ti fún oníṣòwò náà ní ẹ̀dà ìwé àṣẹ rẹ̀, kí ọmọ yín yára kọ̀wé sí ọ́fíìsì PCN ti ìpínlẹ̀ pé òun kò gbà láti ṣe alábòójútó, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà náà.