Kí ni àmì àìsàn thyroid tí wọ́n ń pè ní Hashimoto?

Ara ló ń bá ara jà níbí: àwọn èròjà tó yẹ kó gbógun ti kòkòrò àrùn ló kọjú sí ẹṣẹ́ thyroid níwájú ọrùn, tí wọ́n ń bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń pẹ́ kéèyàn tó fura.

Èyí tó sábà ń kọ́kọ́ hàn ni àárẹ̀ tí oorun kì í lé lọ. Òtútù á máa mú onítọ̀hún níbi tí ooru ti ń mú àwọn yòókù, á máa sanra láìjẹ àjẹjù, ìgbẹ́ á le, awọ á gbẹ, irun á máa re, ohùn á ki, nǹkan oṣù lè pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọrùn lè yọ gẹ̀gẹ̀, àmọ́ kì í sábà dunni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé ọjọ́ orí ni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń tú u fó: TSH, ìyẹn èròjà tó ń pe thyroid síṣẹ́, á ga; free T4, ìyẹn èròjà tí thyroid fúnra rẹ̀ ń ṣe, á wálẹ̀ (níbẹ̀rẹ̀, ó ṣì lè wà bó ṣe yẹ); anti-TPO, ìyẹn èròjà ara tó ń gbógun ti thyroid, á sì pọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń lo biotin (fítámì kan) fún irun, ẹ dá a dúró fún ọjọ́ 2 ó kéré tán ṣáájú àyẹ̀wò, torí ó máa ń da èsì rú.

Tó bá jẹ́ pé ńṣe lẹ̀ ń rù, tí àyà ń lù kìkì, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí ẹyinjú sì ń yọ síta, Graves, ìyẹn àìsàn tó ń mú kí thyroid ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ni kẹ́ ẹ fura sí.