Ṣé Jésù ìbá ti lè dẹ́ṣẹ̀? Èsì fún ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ béèrè

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ wà lókè òkun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọbìnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 12 bi mí lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá bóyá Jésù ìbá ti lè dẹ́ṣẹ̀. Mo ní kò lè dẹ́ṣẹ̀ láéláé. Ó ní bó bá jẹ́ pé kò lè dẹ́ṣẹ̀, kí ni Sátánì wá ń dán an wò fún, àbí eré lásán ni? Ẹnu mi wọhò. Kí ni kí n sọ fún un?

Èsì: Arábìnrin mi nínú Olúwa, mo kí yín. Kí n tó sọ ohun tí mo gbà gbọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe nígbà tí ìbéèrè yìí kan náà wọ ilé tèmi, nítorí pé ọkàn mi kò tíì kúrò níbẹ̀ títí di òní.

Ọmọ ọdún 11 ni àkọ́bí mi ọkùnrin nígbà náà. A ń gba àdúrà alẹ́ lọ́wọ́, mo ti wọ bàtà iṣẹ́ nítorí pé iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, mo sì ń wo aago. Òun ni Bíbélì kíkà kàn lọ́jọ́ náà. Ó ka ìwé Hébérù orí 4 ẹsẹ 15 ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí a ti kọ ọ́ pé a dán Olórí Àlùfáà wa wò ní ọ̀nà gbogbo gẹ́gẹ́ bí àwa, ṣùgbọ́n láìlẹ́ṣẹ̀. Nígbà tó kà á tán, kò pa ìwé náà dé. Ó fi ìka lé ẹsẹ náà, mo sì rí i pé ó ti fi eyín gé èékánná rẹ̀ títí dé ẹran. Mo rí i, n kò sì béèrè ohun tó fà á.

Ó ní, “Dádì, ṣé ó lè ṣe é, àbí kò lè ṣe é?” Mo dáhùn pé kò lè ṣe é, Ọlọ́run ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Nígbà náà, kò rí bí tèmi. Kò lè mọ̀ ọ́n.” Mo fi ọwọ́ gbá tábìlì. Mo ní ọ̀rọ̀ òdì ni ó ń sọ, kí ó pa ìwé náà dé. Ó pa á dé, ó ní, “Ẹ má bínú, sà,” mo sì jáde lọ síbi iṣẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí láti ilé ìwé rẹ̀ pé ó ti ń jíwèé wò nínú ìdánwò, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà tí a délé, ó fi omijé sọ fún mi pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń gbìyànjú láti jáwọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí ọmọ náà ń bi mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run nìkan ni ó ń wá. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan wà lókè tó mọ bí ó ti ń rí nígbà tí ọwọ́ ènìyàn ń fẹ́ lọ síbi tí kò yẹ.

Ohun tó tún dùn mí ni pé nígbà tí mo jókòó ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ọdún púpọ̀, mo rí i pé àwọn àgbà inú ẹ̀kọ́ ìsìn ti bá a jìjàkadì. Charles Hodge, ará Amẹ́ríkà tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, gbà pé Jésù kò dẹ́ṣẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó ní bí kò bá ṣeé ṣe fún un rárá láti dẹ́ṣẹ̀, ìdánwò rẹ̀ kì í ṣe òótọ́, kò sì ní lè bá wa kẹ́dùn. Ohun tí ọmọ mi sọ gan-an nìyẹn, èmi sì pè é ní ọ̀rọ̀ òdì. W. G. T. Shedd, tí òun náà jẹ́ ará Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún kan náà, takò ó: ó ní Jésù kò lè dẹ́ṣẹ̀, síbẹ̀ ìdánwò náà jẹ́ òótọ́.

Ọ̀dọ̀ Shedd ni èmi dúró sí. Ìgbìmọ̀ ìjọ tó pàdé ní ìlú Kalsídónì ní ọdún 451 ti sọ ọ́ pé Kristi kan ṣoṣo náà ni Ọlọ́run tòótọ́ àti ènìyàn tòótọ́, tó dà bí àwa nínú ohun gbogbo àfi ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó gbààwẹ̀ fún 40 ọjọ́ nínú aginjù tí ebi sì pa, Ọmọ Ọlọ́run ni, ìwé Jákọ́bù orí 1 ẹsẹ 13 sì sọ pé a kò lè fi búburú dán Ọlọ́run wò. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e ni ó tú gbogbo rẹ̀ fún mi: ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ inú tiwa fúnra wa ni ó ń fa àwa lọ. Jésù kò ní irú ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ebi, ó ní ẹ̀rù ikú, ó sì mọ ìrora, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ibẹ̀ ni Sátánì gbà kọlù ú. Nínú ọgbà Gẹtisémánè, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí ago náà ré òun kọjá, síbẹ̀ ó ní kí ìfẹ́ Baba ṣẹ, òógùn rẹ̀ sì dà bí ẹ̀jẹ̀ tó ń kán sílẹ̀. Ṣé ẹni tó ń ṣe eré ni yóò làágùn bẹ́ẹ̀? Ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà kò mọ bí ẹrù náà ṣe ń wúwo tó ní òpin ìrìn. Àwa ni a máa ń sọ tiwa kalẹ̀. Òun kò sọ ọ́ kalẹ̀ rí.

Bí ọmọ mi bá gbọ́ Yorùbá ni, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ǹ bá fi bẹ̀rẹ̀: ìdánwò. A ń fi iná dán wúrà wò, wúrà gidi kò sì lè torí iná di idẹ, síbẹ̀ iná náà gbóná. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, “tempted,” máa ń mú kí ọmọdé rò pé ẹni tí a dán wò ti ń fẹ́ ibi náà nínú ọkàn rẹ̀. Bíbélì Yorùbá wà lórí tábìlì náà, ṣùgbọ́n kò lè ka ìlà kan nínú rẹ̀, èmi ni mo sì fà á. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní kí a máa sọ Gẹ̀ẹ́sì sí i kí ó má baà rẹ̀yìn, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ òru rí kí ó má yára dá mi lẹ́bi, nítorí pé mo fẹ́ràn ọmọ mi.

Ní ti ọmọbìnrin yín, ẹ padà sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sọ fún un pé ìbéèrè rẹ̀ dára. Ẹ jọ ka Mátíù orí 4, kí ẹ bi í pé èwo nínú ìdánwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Sátánì dán Jésù wò níbẹ̀ ni ìbá nira jù fún òun. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọgbọ́n bi í ní ohun tó ń dán òun náà wò. Bí ẹ ó ti ṣe é tí kò fi ní dà bí ìgbà tí ọlọ́pàá ń fọ̀rọ̀ wá ènìyàn lẹ́nu wò, n kò lè kọ́ yín, nítorí pé n kò rí i ṣe rí.

Ọmọ mi ti pé ọdún 20 báyìí. Bó bá wálé, ó máa ń tẹrí ba nígbà àdúrà, ó ń ṣe àmín, kì í sì í bi mí ní ohunkóhun. Lóṣù tó kọjá, mo kọ gbogbo ohun tí mo kọ síhìn-ín ránṣẹ́ sí i, mo sì tọrọ àforíjì nítorí tábìlì tí mo gbá. Ó fèsì ní Gẹ̀ẹ́sì, ìlà méjì péré: ó dúpẹ́, ó ní òun kò rántí alẹ́ ọjọ́ náà mọ́. N kò tíì ní ìgboyà láti bi í bóyá òótọ́ ni.