Kálípà Camry lára Corolla: ṣé ó máa gbà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla 2005 ni mo fi ń kó èrò láti Adó-Èkìtì lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Bí mo bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè pẹ̀lú èrò mẹ́rin, òórùn jíjóná á gba inú ọkọ̀, ẹsẹ̀ bíréèkì á sì máa rì. Mẹkáníìkì mi ní òun rí kálípà (irin tó ń fún páàdì bíréèkì mọ́ díìsìkì, ìyẹn àwo irin tó ń bá táyà yí) Camry tòkunbọ̀ tó tóbi ju tèmi lọ, pé bóòtù méjì péré ni iṣẹ́ rẹ̀. Ṣé kí n rà á? (Awakọ̀ akérò, Aràmọkọ-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Ẹ má rà á. Kálípà ńlá, díìsìkì ńlá ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá gbé e sórí díìsìkì Corolla, páàdì á yọ etí kọjá díìsìkì. Ibi tó kan irin nìkan ni yóò máa jẹ, etí tó yọ síta yẹn á dúró gbọin. Bí páàdì bá ṣe ń jẹ sí i, etí méjèèjì á máa sún mọ́ra lókè díìsìkì, bíréèkì kò sì ní mú bó ṣe yẹ.

Bóyá mẹkáníìkì á ní kí ẹ ra díìsìkì Camry mọ́ ọn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀. Nọ́ọ̀tì márùn-ún ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ méjèèjì, òun ló sì ń tan ènìyàn jẹ. Àyíká tí nọ́ọ̀tì márùn-ún yẹn tò sí lára Corolla yín fẹ̀ ní mílímítà 100. Ti Camry jẹ́ 114.3. Ihò àárín rímù Corolla jẹ́ mílímítà 54.1, ti Camry 60.1. Díìsìkì náà kò ní wọlé. Àwọn kan á ní àwọn lè fi dírílì lu ihò tuntun sí i. Ẹ má gbà fún wọn: díìsìkì tó bá yẹ̀ ju mílímítà 0.05 lọ bó ṣe ń yí, ẹsẹ̀ bíréèkì á máa gbọ̀n ni, ọwọ́ àti dírílì kò sì lè lu ihò kó dọ́gba tó bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ dandan kí ẹ pààrọ̀ kálípà, inú ẹbí ni kí ẹ ti wá a. Matrix 2003 sí 2008 àti Corolla yín, ọmọ ìyá ni wọ́n lábẹ́. Síbẹ̀, kí owó tó jáde lápò, kí mẹkáníìkì fi fàníà (irinṣẹ́ ìwọ̀n) wọn àárín ihò bóòtù kan sí àárín èkejì lórí bírákẹ́ẹ̀tì (irin tó gbé kálípà dúró). Bó bá fi mílímítà kan yàtọ̀ sí ti ara ọkọ̀, kò gbà nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má fi fáìlì fẹ ihò, ká má tiẹ̀ dárúkọ wẹ́dà. Lẹ́yìn náà kí ó wọn ìbú písítìn (irin inú kálípà tó ń ti páàdì), èyí tí ọ̀pọ̀ wọn máa ń fò. Ká ní ti tẹ́lẹ̀ jẹ́ mílímítà 54, tí tuntun jẹ́ 57. Mílímítà mẹ́ta péré lójú, ṣùgbọ́n ojú písítìn tí ọ́ìlì ń tì ti fi bí ìdá 11 nínú 100 tóbi sí i. Másítà bíréèkì (ibi tí ẹsẹ̀ yín ti ń ti ọ́ìlì) kò yí padà, nítorí náà ẹsẹ̀ á wọlé sí i kó tó mú, táyà iwájú á sì máa gba bíréèkì ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́jọ́ òjò, iwájú ni yóò kọ́kọ́ há, ọkọ̀ kò sì ní gbọ́ ti sítíárìn mọ́.

Bí ohun gbogbo bá bára mu, ẹ ra wáṣà bàbà tuntun mẹ́rin, méjì fún hósì kọ̀ọ̀kan, nítorí ti àtijọ́ ti tẹ́. Kálípà tòkunbọ̀, ẹ tu písítìn rẹ̀ síta: bí ìpẹtà bá ti jẹ inú ihò rẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Bí ó bá mọ́, ẹ fi rọ́bà tuntun sí i, ọ́ìlì bíréèkì ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Pẹtiróòlù máa ń wú rọ́bà yẹn. Agbára tí ẹ ó fi dì wọ́n nìyí: bóòtù bírákẹ́ẹ̀tì jẹ́ 107 Nm, bóòtù kálípà 34, nọ́ọ̀tì táyà 103. Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ kúrò lórí jáàkì, ẹ yí sítíárìn dé òpin lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí ẹ wò ó bóyá hósì fà tàbí ó ń kan rímù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ohun tí ẹ kọ sí wa yìí kò jọ ti kálípà kékeré. Ooru ni. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. DOT 3 (irú ọ́ìlì bíréèkì kan) tuntun kì í hó kí ooru tó dé 205°C. Èyí tó ti mu omi lè hó ní 140. Bó bá ti hó, afẹ́fẹ́ gbígbóná ni ẹ ń tẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi ń rì. Ẹ pààrọ̀ gbogbo ọ́ìlì náà, lítà kan á tó. Bí gíà yín bá jẹ́ ọ̀tọ́mátíìkì, ẹ pa O/D (bọ́tìnnì gíà tó ga jù), kí ẹ fi í sí 2 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, ẹ fi í sí L bí òkè bá le. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dá ọkọ̀ dúró. Páàdì tó ti jóná, ẹ yọ ọ́ dànù.

ÌBÉÈRÈ: A fi kálípà tuntun sí iwájú méjèèjì, a ti bílíìdì (tú afẹ́fẹ́ jáde nínú ọ́ìlì) lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹsẹ̀ bíréèkì ṣì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Kí ló fà á? (Òǹkàwé, Ìkéré-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ibi tí ẹ ti ń bílíìdì lára kálípà. Bí ihò rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀, ti ọ̀tún ni wọ́n fi sósì. Òkè ni afẹ́fẹ́ máa ń lọ, ọ́ìlì nìkan ni yóò máa jáde nísàlẹ̀. Ẹ bílíìdì í lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, afẹ́fẹ́ ò ní kúrò. Ẹ pààrọ̀ wọn síra wọn. Lẹ́yìn náà, táyà tó jìnnà jù sí másítà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá máa bọ̀ wá sí èyí tó sún mọ́ ọn. Ẹnì kan á tẹ ẹsẹ̀, á sì dì í mú. Ẹnì kejì á tú ibi tí ẹ ti ń bílíìdì, á dì í, kí ẹni àkọ́kọ́ tó gbé ẹsẹ̀ sókè. Ẹ má jẹ́ kí ọ́ìlì inú kọ́ọ̀bù (ike tí à ń bu ọ́ìlì bíréèkì sí) lọ sísàlẹ̀ ìlà MIN, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ti tún bẹ̀rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Kálípà apá kan ṣoṣo ló bàjẹ́. Ṣé mo lè ra ẹyọ kan? (Ìjerò-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Ẹ lè rà á, bí písítìn rẹ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú ti ẹgbẹ́ kejì. Páàdì ni ẹ kò gbọdọ̀ pààrọ̀ ní apá kan. Bó bá sì jẹ́ pé ńṣe ni táyà náà há tí kò tú, ẹ kọ́kọ́ tú ibi tí ẹ fi ń bílíìdì díẹ̀. Bí táyà bá yí lẹ́yìn tí ọ́ìlì tú síta, hósì ló ti dí nínú. Kálípà yín kò ṣẹ̀.