Bàbá mi ń jí tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóru, ṣé jẹjẹrẹ ni?

Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Ó lè jẹ́ pírósítéètì ló wú, ìyẹn ẹ̀yà ara kan tí ọkùnrin nìkan ní. Kò ju orógbó lọ. Abẹ́ àpò ìtọ̀ ló wà, ó sì yí ọ̀nà ìtọ̀ ká. Bí ọkùnrin bá ti ń lé ní 50, pírósítéètì rẹ̀ máa ń wú, á wá fún ọ̀nà náà pa. Ìtọ̀ á máa kán tó-tó-tó, àpò ò sì ní gbẹ tán. Wíwú yìí kì í di jẹjẹrẹ, àmọ́ méjèèjì lè jọ wà lára ẹnì kan, nítorí náà kí wọ́n lọ bá dókítà fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA (èròjà kan tí pírósítéètì máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀). Àgbo ò lè sọ èwo ni (mi ò bú àgbo o). Kí wọ́n ṣọ́ra fún oògùn ọ̀fìnkìn: òmíràn lè sé ìtọ̀ pátápátá. Tó bá sé, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà lóru.