Àwòrán tó dúró gbagidi ló kó bá mi

Àbúrò, mo rí ìbéèrè rẹ pé VAR, fídíò tí wọ́n fi ń ran àwa rẹfirí lọ́wọ́, ń bọ̀ ní líìgì yín ní sáà tó ń bọ̀, pé kí lo lè ṣe tí wọn ò fi ní máa yí ìpinnu rẹ padà. Àwọn tó ti dá ọ lóhùn ṣáájú mi ní kó o lọ ka òfin dáadáa. Wọn ò purọ́. Èmi náà kà á, mo há a sórí, síbẹ̀ ojú mi rí màbo.

Ìṣẹ́jú 67 ni, nínú eré kan tí mo ṣe rẹfirí ẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù àárín kan na ẹsẹ̀ sí bọ́ọ̀lù, ó gbá bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ ẹ̀ wá yọ̀ lórí ẹ̀, ó bà sí ọrùn ẹsẹ̀ ẹnì kejì. Ibi tí mo dúró sí kò ju mítà mẹ́jọ lọ. Mo fọn fèrè, mo fún un ní káàdì yẹ́lò, kò sẹ́ni tó bá mi jà, kódà ẹni tí wọ́n gbá ti ń dìde. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn ẹni tó wà ní yàrá fídíò létí mi: "Wá wò ó o, káàdì pupa ni mo rí." Mo sáré lọ sétí pápá. Ohun tí mo kọ́kọ́ bá lójú ẹ̀rọ ni àwòrán kan tó dúró gbagidi: ìdí bàtà lórí ọrùn ẹsẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ náà sì tẹ̀ bí ẹ̀ka igi tútù. Ta ló máa rí irú ẹ̀ tí kò ní rò pé wọ́n fẹ́ ṣẹ́ ẹsẹ̀ ọmọlọ́mọ? Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jẹ́ kí fídíò rìn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé inú omi ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo ní kí n rí i bó ṣe yá tó nínú eré gan-an. Ohùn yẹn ní, "O ṣáà ti rí ibi tó ti kàn án, àbí?" Ariwo ń bọ̀ lẹ́yìn mi, akọ́nimọ̀ọ́gbá kan ń fi ìka ya àpótí tẹlifíṣọ̀n sínú afẹ́fẹ́, òógùn ń kán sí mi lójú. Mo fa káàdì pupa yọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo wò ó nílé bó ṣe yá tó gan-an, ẹ̀ẹ̀kan péré. Káàdì yẹ́lò ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kẹta ìgbìmọ̀ fagi lé káàdì pupa náà, wọ́n sì ní kí n lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹni tó pè mí wá wò ó ńkọ́? Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó wà ní yàrá fídíò, ó ń báṣẹ́ lọ ní tiẹ̀. Ọ̀gá kan tó ń dá wa lẹ́kọ̀ọ́ wá pè mí, ó ní mi ò láyà. Ọ̀gá yìí ò dúró níwájú ẹ̀rọ yẹn rí láyé ẹ̀ o!

Èyí tó dùn mí jù ni pé òfin wà lẹ́yìn mi, mi ò lò ó. Ìlànà IFAB, àwọn tó ń ṣe òfin bọ́ọ̀lù, fúnra ẹ̀ sọ ọ́: fídíò tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ wà fún ohun tí ojú lè fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀, bí ibi tí ẹsẹ̀ ti kan ẹsẹ̀, tàbí bóyá bọ́ọ̀lù ti jáde. Tó bá di bí ìkọlù náà ṣe le tó, bó ṣe yá tó nínú eré ni kí wọ́n fi hàn ọ́. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Àwòrán kan ṣoṣo náà, ẹjọ́ ẹnìkan ni. Kó o tó kúrò láàárín pápá, sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ ẹnu rẹ pé bó ṣe yá tó ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé sójú ẹ̀rọ. Tó o bá débẹ̀ tó o bá èyí tó dúró, yí ojú kúrò. Mi ò ṣeré, yí ojú kúrò, kó o tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ.

Ọ̀rọ̀ ẹnu tún wà níbẹ̀. Ṣé o rántí Tottenham àti Liverpool, ní 30 oṣù kẹsàn-án, 2023? Luis Díaz jẹ gọ́ọ̀lù, onílà, igbákejì rẹfirí létí pápá, gbé àsíá pé ọ́fsáìdì ni. Àwọn tó wà nídìí fídíò rí i pé kì í ṣe ọ́fsáìdì, ṣùgbọ́n wọ́n rò pé gọ́ọ̀lù ni wọ́n pè ní pápá, ni wọ́n bá ní àyẹ̀wò ti parí. Àyẹ̀wò wo ló parí? Ẹni tó ń yí fídíò ló ta wọ́n lólobó pé ọ́fsáìdì mà ni wọ́n pè. Eré ti bẹ̀rẹ̀ padà nígbà yẹn, òfin ò sì jẹ́ kí wọ́n padà sẹ́yìn. Tottenham jẹ 2, Liverpool jẹ 1. Nítorí náà má gba "ó ti parí" lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n sọ ọ́ tán: o pe ọ́fsáìdì, kì í ṣe ọ́fsáìdì, gọ́ọ̀lù ni.

Má sì jẹ́ kí aago ọwọ́ rẹ, èyí tí kámẹ́rà fi ń sọ fún ọ pé bọ́ọ̀lù ti kọjá ìlà gọ́ọ̀lù, tàn ọ́ o. Ní 17 oṣù kẹfà, 2020, aṣọ́lé Aston Villa gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà pẹ̀lú ọwọ́ ara ẹ̀, Sheffield United ń kígbe, aago rẹfirí ò dún. Àwọn èèyàn ló dí kámẹ́rà lójú. Àwọn tó wà nídìí VAR náà dákẹ́, ó parí sí 0-0. Ẹ̀rọ tó dákẹ́ kì í ṣe ẹlẹ́rìí.

Àwọn onímọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n tún máa ń bí mi nínú. Wọ́n á fa ìlà, wọ́n á ní èékánná ẹsẹ̀ ló wọ ọ́fsáìdì. Kámẹ́rà tó ń ya àwòrán 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ẹni tó ń sáré mítà 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà bá wà níwájú ẹ̀, láàárín àwòrán kan sí èkejì onítọ̀hún ti rin sẹ̀ǹtímítà 16. Èwo wá ni ti èékánná? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ki ẹ̀rọ sínú bọ́ọ̀lù níbi Ife Àgbáyé ní Qatar ní 2022, tó ń ránṣẹ́ ní ìgbà 500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí líìgì yín ò bá ní irú ẹ̀, kí onílà rẹ máa pè é bójú ẹ̀ ṣe rí i.

Mo mà ti rìn jìnnà sí ìbéèrè rẹ. Nígbà tí wọ́n kọ VAR sínú òfin ní 2018, ọ̀ràn mẹ́rin ni wọ́n fún un: gọ́ọ̀lù, pẹnáritì, káàdì pupa tààrà, àti káàdì tó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò ṣẹ̀. Tí kò bá sí nínú ohun tí òfin fún un, má jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ lẹ́nu. Àní nínú wọn, àṣìṣe tó hàn gbangba tàbí ohun ńlá tí ojú rẹ fò nìkan ni wọ́n lè torí ẹ̀ pè ọ́, àṣẹ ìkẹyìn sì wà lọ́wọ́ rẹ. O lè wo ẹ̀rọ tán, kó o dúró lórí ohun tó o pè. Fọn fèrè rẹ bí ẹni pé kò sí fídíò. Ìyókù o ti mọ̀ ọ́n, ibi ìdúró, eré sísá.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wá àwọn ará yàrá fídíò lọ, pàápàá ẹni tó ń yí i. Béèrè orúkọ ẹ̀, kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì rẹ, kó o lè dárúkọ pè é tọ́rọ̀ bá dójú ẹ̀. Ẹni tó yí fídíò fún mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ orúkọ ẹ̀ dòní.